Bí Kádàrá Bá Ti Wà, Kí Ni A Ń Ṣiṣẹ́ Fún? Ìdáhùn Láti Inú Ìwé Àwọn Híńdù

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: "Mo ń ka Bhagavad Gita. Níbì kan wọ́n ní karma ló ń darí ayé ẹ̀dá. Níbòmíràn wọ́n ní kí n ṣiṣẹ́, kí n má wo èrè. Wọ́n tún wá ní kí ọkàn mi wà bákan náà, yálà mo jèrè tàbí mo pàdánù. Bí kádàrá bá ti wà, kí ni mo ń ṣe làálàá sí? Bí n kò bá sì ní wo èrè, kí ni yóò máa jí mi lówùúrọ̀? Àbí wọ́n kàn ń fi èdè dídùn sọ fún mi pé kí n gba kámú ni?"

Bhagavad Gita ni ìwé Híńdù tí Krishna, Ọlọ́run tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, ti ń bá jagunjagun Arjuna sọ̀rọ̀. Karma ni ohun tí ẹ̀dá ṣe àti èso rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ti orí kádàrá bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdààmú ti wọlé. Daiva ni àwọn ìwé Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ń pè é. Akitiyan ẹ̀dá ni purushakara. Ẹni tó bá gbọ́ daiva lè rò pé àṣẹ kan ni tí ẹlòmíràn ti pa lé ènìyàn lórí. Ìwé òfin Yajnavalkya kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní daiva ni akitiyan tí ẹni náà ti ṣe nínú ara tó gbé wọ̀ ṣáájú èyí, tó wá ń fara hàn báyìí. Charaka, ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sọ ohun kan náà. Kádàrá àti akitiyan kì í ṣe ọ̀tá ara wọn níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni méjèèjì. Ọ̀kan ti pẹ́, èkejì ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ibí yìí gan-an ni Yorùbá tó ń ka Gita ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí a bá ti dárúkọ kádàrá, àkúnlẹ̀yàn ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: orí tí a yàn nílé Àjàlá kí a tó délé ayé. Lọ́dọ̀ àwọn Híńdù, ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ yan nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń kó o jọ, láyé yìí àti láwọn ayé tó ti kọjá, nípa ohun tí a ṣe, tí a sọ, tí a sì gbèrò. Ibi tí ilé méjèèjì ti pàdé ni pé Ifá náà kò gbà kí Orí dá ṣe é láìsí Ẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ mú wọlé; ẹ fi Àjàlá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn olùkọ́ Vedanta, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Híńdù, pín karma sí òkìtì mẹ́ta. Sanchita ni gbogbo èyí tó ti kó jọ láti ayébáyé tí kò tíì so èso. Prarabdha ni ìwọ̀nba tí a bù nínú rẹ̀, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, tó sì mú wa gbé ara yìí wọ̀. Shankara, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, fi í wé ọfà tó ti kúrò lójú ọrun: kò ṣeé pè padà, yóò máa lọ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Agami ni èyí tí à ń dá lónìí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, prarabdha nìkan ló ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Yoga Sutra, ìwé àtijọ́ lórí bí a ṣe ń kó ọkàn níjàánu (2.13, ìyẹn orí 2, ẹsẹ 13), sọ pàtó ohun tí karma tó ti gbó máa ń mú wá: irú ìbí tí a bíni, bí ẹ̀mí yóò ti gùn tó, àti adùn òun ìkorò tí a ó tọ́ wò. Ẹ wo ohun mẹ́ta yìí dáadáa. Ìdílé tí wọ́n bí yín sí wà níbẹ̀. Àìsàn tó wọlé láìròtẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe sí àìsàn náà kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ kan tí kò jìnnà sí i (2.16) ní ìyà tí kò tíì dé ni kí a yẹra fún. Bó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ti parí sílẹ̀ ni, kí ni a fẹ́ yẹra fún?

Nínú kádàrá àti akitiyan, èwo ló wá lágbára jù? Àwọn ará Íńdíà ti jiyàn lórí èyí pẹ́. Nínú Anushasana Parva, ọ̀kan nínú ìwé 18 tó para pọ̀ di Mahabharata, ìtàn ogun ńlá àwọn ará Íńdíà, ọba Yudhishthira gbé ìbéèrè náà síwájú Bhishma, bàbá àgbà tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ọfà. Bhishma tún ìdáhùn tí Brahma, òrìṣà ẹlẹ́dàá, ti fún amòye Vasishtha sọ fún un: daiva ni irúgbìn, akitiyan ni oko. Irúgbìn tí kò kan ilẹ̀ kì í hù, bó ti wù kó dára tó. Ṣùgbọ́n oko tí a ro láìgbin nǹkan kan sí i náà kò níí so àgbàdo.

Charaka ló mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ìgbé ayé jù lọ, bóyá nítorí pé aláìsàn ló wà níwájú oníṣègùn, kò sí àyè àríyànjiyàn òfìfo. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ikú gbogbo ènìyàn ti wà ní pàtó, ẹnikẹ́ni kò ní nílò oògùn tàbí ètùtù, ẹnikẹ́ni kò sì ní sá fún ẹranko oníjà. Ó wá pín agbára méjèèjì sí ìpele mẹ́ta: èyí tó le, ti àárín, àti èyí tí kò lágbára. Akitiyan tó le a máa borí daiva tí kò lágbára; daiva tó le a sì máa borí akitiyan. Níbi tí méjèèjì ti ṣe déédéé láti gbe ènìyàn, ẹ̀mí a gùn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù méjèèjì pọ̀. Èyí tó dára, tí wọ́n lò bó ṣe yẹ, yóò pẹ́ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé. Èyí tí wọ́n di ẹrù lé jù, tí wọ́n wà gba ọ̀nà gbágungbàgun, tí awakọ̀ rẹ̀ kò mọṣẹ́, yóò kán láìtọ́jọ́. Ìwúlò ìpele mẹ́ta yìí ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ bí daiva tirẹ̀ ti le tó kí ó tó sapá. Akitiyan nìkan ni òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó fi ìlàjì agbára ṣiṣẹ́, tó wá ní kádàrá ló dá òun dúró, kò tíì wọn nǹkan kan.

Ẹni tó le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Vasishtha inú ìwé Yogavasishtha. Ó sọ fún Rama, ọmọ ọba tí ayé ti sú, pé daiva kankan kò sí lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ àná, pé ohun tí àwọn ọ̀lẹ fi ń tu ara wọn nínú ni. Ní òdìkejì pátápátá ni Makkhali Gosala wà, ẹni tó gbáyé ní àkókò kan náà pẹ̀lú Buddha. Òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ajivika, ní ohun gbogbo ti wà létòlétò, akitiyan kò sì yí ohunkóhun padà. Ẹgbẹ́ wọn ti parẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó lé àwọn Híńdù lórí lónìí.

Ohùn kan wà tí ẹ ó pàdé tó máa ń da ènìyàn rú: ti Ramana Maharshi, ẹni mímọ́ Híńdù kan ní gúúsù Íńdíà. Ọdún 1896 ló kúrò nílé lọ sí ìlú Tiruvannamalai, kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Lọ́dún 1898 ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Kò sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó kọ ọ́ sórí ìwé: ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ bó ti wù ká gbìyànjú tó, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ bó ti wù ká dènà rẹ̀ tó, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ ló sàn jù. Àwọn ènìyàn a yọ gbólóhùn yìí jáde bí òfin fún gbogbo ayé. Ìyá kan tó ń sunkún ló kọ ọ́ fún, lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo tí ó ti pinnu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé kò gbọdọ̀ fi í bojú.

Ti Ọlọ́run ńkọ́? Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ti yapa. Àwọn Mimamsa, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, ní karma fúnra rẹ̀ ló ń so èso, kò sẹ́ni tó ń pín in. Àwọn Vedanta ní Ọlọ́run ló ń pín in, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú ṣe ni Ó ń wò pín in, Brahma Sutra, ìwé àwọn Vedanta (2.1.34), fi ìyẹn dáhùn ẹ̀sùn pé Ọlọ́run ń ṣe ojúsàájú.

Ẹ wá jẹ́ kí a wọ inú Gita. Ẹsẹ tó ń dààmú yín ni 2.47, ọ̀pọ̀ sì ń ka ìlàjì rẹ̀ ni. Apá mẹ́rin ló ní. Èkíní: iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ wà lórí rẹ̀. Èkejì: kò sí lórí èso rẹ̀ láéláé. Ẹ̀kẹta: má ṣe sọ èso di ohun tó ń tì ọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tí wọ́n sábà máa ń fò: má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ fà sí àìṣiṣẹ́. Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́. Arjuna ti ju ọrun sílẹ̀ ní pápá ogun Kurukshetra, ó ní òun kò jà mọ́. Bó bá jẹ́ pé gba-kámú ni Krishna ń wàásù, ìjíròrò náà ì bá ti parí síbẹ̀, nítorí Arjuna ti gba kámú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gba orí 18 àti ẹsẹ 700 kí wọ́n tó gbé e dìde.

Ẹ má sì rò pé "má wo èrè" túmọ̀ sí kí ènìyàn má ní ibi tó ń lọ. Ní 11.33, Krishna kan náà sọ fún Arjuna pé kó dìde, kó gba ògo, kó ṣẹ́gun ọ̀tá, kó sì jẹ ìjọba tó kún fún ọrọ̀. Tafàtafà tí kò wo ibi tí ọfà ń lọ kì í ṣe tafàtafà. Ohun tí wọ́n ní kí a jọ̀wọ́ ni ìdánilójú pé èso náà jẹ́ gbèsè tí ayé jẹ wá. Ìdí rẹ̀ wà ní 18.14, ẹsẹ kan tí kò lókìkí tó bó ṣe yẹ. Ohun márùn-ún ló ń para pọ̀ kí iṣẹ́ kan tó yọrí: ara tí a fi ń ṣe é, ẹni tó ń ṣe é, àwọn irinṣẹ́, oríṣiríṣi ìsapá, àti daiva tó ṣe ìkarùn-ún. Ọ̀kan nínú márùn-ún ni kádàrá. Ẹni tó bá ní òun nìkan lòún ṣe é, ẹsẹ 18.16 ní kò ríran. Ẹni tó bá sì ní kádàrá nìkan ló ṣe é ti gbàgbé ohun mẹ́rin.

Kí ni yóò máa jí yín lówùúrọ̀ wá ńkọ́? Ẹsẹ 18.26 ṣàpèjúwe òṣìṣẹ́ tó dára jù: kò so mọ́ èso, kò fọ́nnu, ó ní ìdúróṣinṣin àti ìtara, bó yege bó kùnà kò yí padà. Ìtara wà nínú àpèjúwe yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọkàn tó dọ́gba ni wọ́n sì gbé e sí. Ẹsẹ 18.28 wá to ìwà òṣìṣẹ́ tó burú jù: alágídí, ọ̀lẹ, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́, tó máa ń sún iṣẹ́ síwájú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun ti fi èso sílẹ̀, tó sì ń sún iṣẹ́ òní sí ọ̀la, ẹ mọ̀ pé inú ẹsẹ 18.28 ló wà.

Ìdọ́gba ọkàn kì í sì í ṣe kí ènìyàn di òkúta. Ẹsẹ 2.14 gbà pé òtútù àti ooru, adùn àti ìrora, a máa kanni. Ó kàn ní wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ, kí a fara dà á. Ewu wà ní ohun tó ń tẹ̀lé e, 2.62 àti 2.63 sì to ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní títẹ̀léra: ọkàn ń rò ó ṣáá, ìsomọ́ wọlé, ìfẹ́ líle tẹ̀lé e, ìbínú bí láti inú rẹ̀, ojú inú fọ́, ènìyàn gbàgbé ohun tó ti mọ̀, làákàyè bàjẹ́, ó parí. Níbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti já a. Tó bá ti dé ìbínú, agbára ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ló gbà. Arjuna tó gbọ́ ọ láti ẹnu Krishna fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n pa Abhimanyu ọmọ rẹ̀, ó sunkún, ó sì búra. Lẹ́yìn ogun, nínú Ashvamedhika Parva, ìwé mìíràn nínú Mahabharata, ó tún jẹ́wọ́ fún Krishna pé òun ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Krishna bínú sí i, ó ní òun kò lè tún un sọ tán bó ṣe rí. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, nígbà náà, bí ẹ bá kà á lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ gbàgbé ní Ajé. Ìdáhùn 6.35 ni àṣetúnṣe pẹ̀lú àìsomọ́, ìyẹn ni pé kí a máa tún un ṣe, kí a sì máa dẹ ọwọ́ tí a fi di nǹkan mú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, ká ní ìdánwò ńlá kan ló wà níwájú yín. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ohun márùn-ún inú 18.14 sílẹ̀. Lábẹ́ ara, ẹ kọ oorun àti oúnjẹ, 6.16 kò gba àjẹjù tàbí àìjẹun, kò gba oorun àsùnjù tàbí àìsùn, nítorí náà ẹni tó fi àìsùn kàwé ti ba apá kan jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ẹni tó ń ṣe é, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, ní gbólóhùn kan. Bó bá jẹ́ pé kí aládùúgbò lè rí i ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Lábẹ́ irinṣẹ́: ìwé, iná, owó ọkọ̀, ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá. Lábẹ́ ìsapá: iye ìbéèrè tí ẹ ó dáhùn lójúmọ́, ní iye pàtó. Lábẹ́ daiva, ẹ kọ ìlà kan péré: ìbéèrè tí wọ́n máa mú wá, ẹni tó máa máàkì, ojú ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹ fẹ́ ṣe lórí ìlà karùn-ún. Bí ọkàn bá sá lọ síbẹ̀ lọ́gànjọ́ òru, ẹ dá a padà sí ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù.

Kí ẹ tó jókòó síbi iṣẹ́, ẹ fi í lélẹ̀, 9.27 ní ohun tí o bá ṣe, tí o bá jẹ, tí o bá fi tọrẹ, ṣe é bí ọrẹ fún Ọlọ́run. Ẹni tí èyí kò bá lára mu, 12.11 ti fún un láyè: kó kàn jọ̀wọ́ èso. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ gbà á bí olùjọsìn ṣe ń gba prasada ní tẹ́ḿpìlì, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà tí wọ́n tún wá pín. Kì í yan èyí tó tóbi, kì í sì í dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nínú Vana Parva, tí òun náà wà nínú Mahabharata, Draupadi fi ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan bá ọkọ rẹ̀ Yudhishthira wí: àgbẹ̀ túlẹ̀, ó gbin irúgbìn, ó wá ń retí òjò. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀; ohun tí àwọn àgbẹ̀ yòókù ṣe lòun náà ṣe. Ẹ wo bó ṣe tò ó: ẹni tó ti túlẹ̀ tán ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìdánwò kò bá yọrí, ẹ padà sí ìwé yẹn, ẹ yẹ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àléébù tí ẹ bá rí, ẹ tún un ṣe. Bí kò bá sí, ẹ lè dárúkọ daiva nígbà náà, kí ẹ sì sùn. Ohun tó ti kọjá nìkan ni a lè pè ní kádàrá. Ẹni tó ń lò ó fún ọ̀la, bóyá "kò sí nínú kádàrá mi láti mọ ìṣirò", ń sọ ohun tí kò lè mọ̀.

Ẹ fi ìjókòó àṣàrò ojoojúmọ́ kún un. Orí 6 Gita ní ìjókòó tí kò ga jù, tí kò rẹlẹ̀ jù, kí ara, ọrùn àti orí nàró, bí ọkàn bá rìn, kí a dá a padà (6.26). Ìṣẹ́jú 15 lówùúrọ̀ tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Yoga Sutra (1.14) fẹ́ kó pẹ́, kó má dáwọ́ dúró, kó sì ní ọ̀wọ̀ nínú, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀, kó wá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ku ìkìlọ̀ kan tó wúwo. Karma tara ẹni ni a lè fi yẹ ara ẹni wò. Ẹni tó ń tọ́ka sí òtòṣì tàbí abirùn pé karma rẹ̀ ló ń jẹ ti rú ìlànà náà, nítorí 4.17 ní ipa ọ̀nà karma jinlẹ̀, 16.2 sì ka àánú mọ́ ìwà àtọ̀runwá. Ó yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé ní Íńdíà, wọ́n ti lo karma púpọ̀ láti fi tẹ àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ mọ́lẹ̀, pé ìbí wọn ni ìyà wọn. Ambedkar, tí wọ́n bí sí àárín wọn, lòdì sí i títí, ó sì kúrò nínú ẹ̀sìn náà bọ́ sí ti Buddha ní Nagpur lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 1956. Àwọn mìíràn dúró sínú rẹ̀, wọ́n fi Gita kan náà gbé ènìyàn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: Tilak kọ àlàyé tirẹ̀ lẹ́wọ̀n Mandalay, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1915, ìtumọ̀ Gandhi jáde ní 1930, ọdún ìrìn iyọ̀ tí ó fi tako òfin iyọ̀ ìjọba náà. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ìwé náà gba ìwà ipá láyè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà á sí ìwé gba-kámú.

Bí ẹ bá fẹ́ máa kà á lọ, ẹ má tẹ̀lé e láti orí 1 dé 18 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka orí 2 láti ẹsẹ 38 dé ìparí, kí ẹ ka orí 3 tẹ̀lé e. Ẹ wá fò lọ sí 18.13 títí dé 18.28, kí ẹ tó padà sí orí 6 àti 12. Orí 11, tó ń dẹ́rù bani, lè dúró di ìgbẹ̀yìn.